Ọkọ̀ Bàbá Mi, Ojúlówó Nìkan

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Wọ́n fà á dé lónìí láti ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, níbi tó ti jókòó sí láti ọdún méjìlá, tí koríko ti gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọ síta. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹrà. Awakọ̀ tó fà á wá bi mí pé ṣé kí òun kúkú máa fà á lọ sọ́dọ̀ onírin àlòkù tààrà. Mo ní bàbá rẹ̀ ni onírin àlòkù. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bàbá ti gbàgbé pé ìyá wa ti kú. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnnì. Orúkọ ìyá wa ló fi ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í mọ́ kó má béèrè pé, "Ọkọ̀ mi dà?" Dókítà ní ohun tó kù nínú iyè rẹ̀ ò ní pẹ́ lọ, oṣù méjì, bóyá mẹ́ta, pé ohun yòówù tá a bá fẹ́ kó rí kó sì mọ̀, ká yáa tètè fi hàn án. Bí ọjọ́ bá dáa, ó ṣì ń mọ̀ mí.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fún ara mi. Mo fẹ́ kó jókòó sídìí stíárìn, kó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ni, kó sì mọ̀ pé èmi ọmọ rẹ̀ ni mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré. N kò béèrè ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́rú, 5

Mo tú inú rẹ̀ wò láti àárọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé mo ń rí ẹsẹ̀ ara mi. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bí mi nínú ni iṣẹ́ káfíńtà Bàbá. Pákó ló fi ṣe orí jíà. Pákó ló fi ṣe ohun tí wọ́n fi ń yí gíláàsì sókè sódò. Inú ìlẹ̀kùn méjèèjì, pákó pẹlẹbẹ ni, ó tún kan àpò kékeré kan mọ́ ọn fún pẹ́ńsù àti rúlà. Ó ti bọ́ sípíríǹgì inú àga, ó fi òwú àti àpò kún un. Ọ̀dà aláwọ̀ ewéko tó ṣẹ́ kù nígbà tó ń kun ìlẹ̀kùn àwọn oníbàárà rẹ̀ ló fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ara ọkọ̀. Ọkọ̀ kọ́ ni bàbá mi ń wà ní gbogbo ọdún yẹn, àga ni.

Rọra tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fọwọ́ pa orí jíà pákó yẹn. Òun ló ń na páànù fún mi láti ọgbọ̀n ọdún, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ tó máa ń bá òòlù rẹ̀ sọ nìyẹn. Ó ní, "Èyí mà dán o. Ṣé o máa tú u ni?"

Mo ní kó ka ohun tí mo kọ sórí ṣọ́ọ̀bù mi. OJÚLÓWÓ NÌKAN. Àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ń kọjá mẹkáníìkì mẹ́wàá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi nítorí ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ṣé ti bàbá mi ni mo wá fẹ́ fi pákó ṣe?

Àìkú, 9

Mo lọ kí Bàbá nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ olórí kunkun yìí, ṣé o ti jẹun?" Inú mi dùn gan-an.

Mo sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, pé yóò rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo ni ín nígbà yẹn."

Iyè rẹ̀ ti tún lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó tún un wọ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 13

Inú Páálí tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ dé. Láti ìgbà tá a ti mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó ń tà tí kò "ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú páálí," ìdí nìyẹn tá a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé iná iwájú méjì wá. "Ọ̀gá, ojúlówó pọ́ńbélé!" Iye tó pè é, èèyàn lè fi ra àbọ̀ ọkọ̀. Mo yí i dà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀yìn ojúlówó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, torí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti gbó. Ti èyí mú ṣáṣá bí eyín ọmọdé.

Mo ní, "Ẹ̀dà ni."

Ó ní, "Ẹ̀dà tó dáa ju ìyá ẹ̀ lọ ńkọ́?"

Mo ju páálí rẹ̀ síta, mo ní kó tẹ̀lé e. Rọra ní ẹnu mi ti le jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ní parọ́ níwájú bàbá mi nínú ọkọ̀ yẹn.

Ìṣẹ́gun, 18

Òjò. Òjò. Ó ń jò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyanrìn ha. N kò ṣe nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 22

Mo rìn wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà lónìí, ó sì tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní irú ọkọ̀ wa lábẹ́ tapólì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ yìí wá. Àga rẹ̀ pé, inú ìlẹ̀kùn rẹ̀ pé, orí jíà rẹ̀ dúdú, ó ń dán, nọ́ńbà jíà ṣì wà lórí rẹ̀. Ojúlówó! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níbẹ̀. Mo ra àga, inú ìlẹ̀kùn àti orí jíà náà. Obìnrin náà mú aṣọ tútù, ó nu àga níhà ti awakọ̀ kó tó jẹ́ kí n gbé e. Ó nù ún pẹ́. Mo yíjú sẹ́yìn, mo ń díbọ́n pé mò ń ka bọ́ọ̀tì.

Títí mo fi délé ni mò ń súfèé. Ó ti pẹ́ tí mo ti súfèé kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo kó ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Onírin àlòkù kó irin lọ, ó ní pákó kì í ṣe tòun. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní ẹ̀yìn ọgbà wa máa ń gba igi fún ààrò wọn, nítorí náà mo di gbogbo pákó Bàbá sínú àpò méjì, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná kan. Èmi àti Rọra jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù sí Bàbá létí. Mo ní, "Bàbá, èmi ni." Ó ní, "Ìwọ ta ni?" Mo dárúkọ. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní, "Ẹni yẹn ò sí nílé," ó sì gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ti ń dé ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó yọ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí torí n kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Ìṣẹ́gun, 9

Ẹ́ńjìnnì dáhùn! Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tu èéfín dúdú sí Rọra lójú, lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. Rọra bú mi. Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ọ̀dà ti gbẹ. Mo ha ọ̀dà ewéko yẹn kúrò títí mo fi kan èyí tí wọ́n fi kùn ún níbẹ̀rẹ̀, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù níbi tí búrọ́ọ̀ṣì Bàbá ò dé. Funfun tó fara jọ wàrà ni. Mo po irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí bọ́ọ̀tì kan nínú ọkọ̀ yìí báyìí tí kì í ṣe ojúlówó. Oníbàárà mi kan yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Orí mi wú.

Àìkú, 21

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo gbé e dé iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ní agogo mẹ́wàá. Oòrùn wà. Àwọn ará ilé kejì jáde wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi di Bàbá lọ́wọ́ mú, ó ti wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dáa. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó jókòó sídìí stíárìn. Ó wo iwájú, ó wo òkè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí jíà, ó dì í mú, ó fi í sílẹ̀, ó tún dì í mú. Ó fọwọ́ pa inú ìlẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, kò rí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ọkọ̀ yín dáa gan-an o. Ẹ kú orí ire."

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín ni."

"Rárá o. Tèmi wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ibí yìí, kí ẹni tó ni ín má baà wá bá mi nínú ẹ̀."

A mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, a sì tẹ̀ lé e. Ó dúró síbi tí ọkọ̀ náà jókòó sí fún ọdún méjìlá, níbi tí koríko ò tíì fi bẹ́ẹ̀ hù. Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n ti jí ọkọ̀ òun. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí lòun ṣe fún wọn tí wọ́n fi jí ọkọ̀ òun.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ìbá bú mi.

Ajé, 22

N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

"Èmi kọ́ ni mo ni ín nígbà yẹn." Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ fún mi, mo ní iyè rẹ̀ ló lọ. Ẹni kẹta ni Bàbá tó ra ọkọ̀ yẹn. Ó ti jẹ́ hẹ́gẹhẹ̀gẹ nígbà tó fi bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì sí owó tí yóò fi ra ojúlówó kankan. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ṣe é. Ọkọ̀ funfun tí mo gbé lọ bá a lánàá, bàbá mi ò rí i rí láyé rẹ̀. Mo kó gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo sì gba búrẹ́dì kan dípò rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ìyàwó mi ní kí n jẹun. Mo ní mo ti jẹun.

Ìṣẹ́gun, 23

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì. Mo mọ̀ kí n tó lọ. Ọkùnrin tó ń dá iná rántí àpò méjì yẹn dáadáa, ó ní igi gbígbẹ tó dára ni, kò tu èéfín. Ó rò pé mo wá fún un ní òmíràn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wo inú eérú. Ó wo ojú mi, ó fún mi ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń ro iná, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìṣó mẹ́fà ni mo rí.

Ẹtì, 26

N óò ṣe é pa dà. Ohun tí mo sọ fún Rọra nìyẹn. Ó ní, "Báwo?" Mo ní bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní orí jíà yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ lókè. Ó ní irọ́ ni, pé roboto ni bí ẹyin. A bá ara wa jiyàn títí owó fóònù fi tán. Fọ́tò kan ṣoṣo la ní, ìgbọ̀nwọ́ Bàbá nìkan ló sì hàn níbẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé ọkọ̀, àwọ̀ ewéko ọkọ̀ ni gbogbo ìyókù. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yẹn títí mo fi hu irùngbọ̀n! Mo lè sọ ìwọ̀n gbogbo bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi to ọkọ̀ náà nílé iṣẹ́ wọn, n kò sì lè sọ bí ohun tí bàbá mi ń dì mú lójoojúmọ́ ṣe rí.

Káfíńtà ìsàlẹ̀ òpópónà bi mí pé irú igi wo ni. N kò mọ̀.

Ọjọ́rú, 31

Orí jíà tí mo gbẹ́ kẹ́yìn ni ìkẹrin, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ nǹkan. Ọmọ káfíńtà ni mí, n kò sì mọ ojú tí wọ́n ń gbà rẹ́ igi. Mo ti gé ìka méjì. Mo ti bọ́ sípíríǹgì àga obìnrin yẹn, mo fi òwú rọ́pò rẹ̀. Mo ra ọ̀dà ewéko, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun orí funfun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì po. Rọra ò lè wò ó, ó lọ sílé.

Ibẹ̀ ni Inú Páálí bá mi. Mo ń retí kó fi mí rẹ́rìn-ín, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èmi tí mò ń lé oníẹ̀dà kiri, èmi ni mo wá jókòó tí mò ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà. Ó kàn fa àpótí kan, ó jókòó, ó gba igi náà lọ́wọ́ mi.

"Tuntun ni. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n á kọ̀ ọ́," ló wí. "Ẹ fi ọ́ìlì dúdú pa á. Ẹ fi sóòrùn. Ẹ tún pa á. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa gbé e kiri nínú àpò ṣòkòtò yín. Àwa tá à ń ṣe ẹ̀dà, a mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di àgbà."

Mo ní kó dárí jì mí fún ọjọ́sí. Ó ní ọjọ́ wo?

Àìkú, 4 oṣù kẹjọ

Òjò tín-ín-rín. Bàbá wà lójú fèrèsé nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà dé, ewéko gbogbo ara, kò dán. Mo fun fèrè. Ó wò ó. Ó wo ẹyẹ kan tó bà sórí ògiri. Kò dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kò béèrè ẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tó sunkún yẹn, ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò dárúkọ ọkọ̀. N ò sọ fún ẹ torí mo gbọ́ ohùn ẹ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn." Ó di ìka mi tí mo gé mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tá a wà lọ́mọdé.

A ṣì gbé e sínú ọkọ̀ náà. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé orí jíà. Ó fi í síbẹ̀ torí mo fi í síbẹ̀. Nígbà tí mo mú ọwọ́ tèmi kúrò, tirẹ̀ já bọ́ sórí itan rẹ̀.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8

Dókítà wá. Kò sọ iye oṣù mọ́.

Àbámẹ́ta, 10

Ẹ̀gbọ́n mi ní láti lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, torí náà Bàbá wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀. Mo gbé àga fún un síbi tí oòrùn ò ti pa á. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ń wo bí mo ṣe ń tú kabúrétọ̀ oníbàárà kan. Ọkọ̀ ewéko yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ní nǹkan bí agogo méjì ó ju ọwọ́ sí mi. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ má bínú pé mo dá iṣẹ́ yín dúró. Mo ní ọkọ̀ kan. Wọ́n jí i, àmọ́ wọ́n á rí i. Bí wọ́n bá rí i, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ó. Ẹ má tú nǹkan kan nínú ẹ̀ o. Kó ṣáà ti máa rìn."

Mo ní ó ti dáa, Bàbá.

"Ọmọ mi ọkùnrin, mẹkáníìkì lòun náà. Kí n sọ tòótọ́ fún yín, ó mọṣẹ́ jù yín lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e fún un. Gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sínú ẹ̀ ló máa kó dà nù. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé ni."

Rọra ti dá òòlù rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa.

Bàbá fọwọ́ kan apá mi. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbọ́ pé mo wá sọ́dọ̀ yín. Bó bá gbọ́ pé mo gbé ọkọ̀ mi fún ẹlòmíì, ó máa dùn ún. Mi ò fẹ́ ohun tó máa dun ọmọ yẹn."

Mo ní n kò ní sọ fún un. Ó ní kí n búra. Mo búra.